Ẹ wo ohun tó ṣe kó tó mú abẹ́rẹ́ láti rán ìfun

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ bèèrè bí kọnsọ́táǹtì, ìyẹn dókítà àgbà, ṣe lè mọ̀ bóyá rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, mọ ìpinnu ṣe nínú tíátà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, àbí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yá. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ wọn. Lọ́gìbúùkù, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe sí, ò ní sọ fún yín. Iye apẹ́ńdíìsì tó ti yọ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ronú sí i gan-an kò sí níbẹ̀.

Ẹ mú ọmọ ọdún 9 tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti lu ìfun rẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa ń rí nílé ìwòsàn. Ẹ ti la ikùn, ẹ rí ihò méjì, ìdọ̀tí ti kún inú. Ṣé kí rẹ́sídẹ́ǹtì rán an ni, ṣé kó gé ibẹ̀ kúrò kó so ìfun pọ̀, àbí kó fa ìfun síta fúngbà díẹ̀? Rírán kì í ṣe wàhálà. Ẹni tó ń ronú á gbórí sókè, á bi dókítà tó ń fún ọmọ náà lóògùn oorun pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń tọ̀? Á tú ìfun wò látòkè délẹ̀, á fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì le tó láti gba okùn. Rẹ́sídẹ́ǹtì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò. Kò tíì tú ìfun dé ìdajì tó fi ń béèrè okùn. Mo ní kó dúró, kó tú u tán. Ihò kẹta wà nítòsí ibi tí ìfun kékeré ti wọ ìfun ńlá.

Kí wọ́n tó fọwọ́ ni mo ti máa ń bi wọ́n pé, “Kí lo máa rí nínú tó o máa fi yí èrò rẹ padà?” Ẹni tó kéré jù ló kọ́kọ́ ń dáhùn. Tí mo bá ti sọ tèmi, “bẹ́ẹ̀ ni, sà” nìkan ló kù. Ẹ mọ̀ wá, a kì í já ọ̀gá lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dákẹ́. Ó nira o! Tẹ́ ẹ bá ti ní “fà á sósì díẹ̀,” ẹ̀yin lẹ ṣèpinnu yẹn. Àfi tí aláìsàn bá máa fara pa ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ní, “Sà, ibí yìí ò dá mi lójú, ẹ bá mi wò ó,” máàkì gidi ló ń gbà lọ́dọ̀ mi.

Fọ́ọ̀mù NOTSS tí wọ́n ṣe ní Aberdeen, ní Scotland, láti fi wo ìrònú àti ìṣesí oníṣẹ́ abẹ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ya ìpinnu sọ́tọ̀, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 1 sí 4. Ó dára, àmọ́ 3 lásán ò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ ohun tó sọ àtohun tó ṣe sí i. Ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ tíátà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọlúàbí ló máa gba 3. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kọnsọ́táǹtì mìíràn náà wo rẹ́sídẹ́ǹtì yẹn, pàápàá lóru, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí aláìsàn lára ò sí nílẹ̀.