Àdúrà Ò Wọlé Mọ́, Ṣé Ọlọ́run Ti Kẹ̀yìn Sí Mi Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti oṣù kìíní ni mo ti pinnu pé ọdún yìí màá súnmọ́ Ọlọ́run gan-an, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, àdúrà aago méjìlá òru, àdúrà aago márùn-ún àárọ̀ lórí fóònù, orí Bíbélì mẹ́wàá lójúmọ́, mo tún ń lọ síbi iṣẹ́, ìbejì mi ò sì tíì pé ọdún méjì. Ní báyìí àdúrà ò wọlé mọ́, tí mo bá ṣí Bíbélì oorun ló ń gbé mi lọ, ọkàn mi kàn gbẹ táútáú. Àbúrò ọkọ mi tó máa ń sá marathon Èkó ní mo ti sáré jù níbẹ̀rẹ̀ ni, mo ní kí ló kan eré sísá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ṣé Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí mi ni? – Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ títọ́. Rárá o, Ọlọ́run ò kẹ̀yìn sí yín, àbúrò ọkọ yín sì mọ ohun tó ń sọ, torí èmi náà ti sá marathon yẹn rí.

Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni. Sùúrùlérè la ti gbéra (orúkọ àdúgbò yẹn nìkan tó ìwàásù), ara mi yá gágá, mo tẹ̀lé àwọn tó ń sáré bí ẹṣin, kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́ bíi pé mò ń fò ni, wọ́n ń pín omi lójú ọ̀nà mi ò dúró gbà. Nígbà tí mo máa fi tó bíi kìlómítà 30, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́, mo bú sẹ́kún. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kóòṣì ṣàlàyé fún mi pé ṣúgà tí ara máa ń tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló tán, pé ibẹ̀ yẹn ló ti sábà máa ń tán, ẹni tó bá tètè sáré jù tí ò sì jẹ nǹkan kan lọ́nà, tiẹ̀ á tètè tán ni.

Ẹ wá wo Èlíjà. Ìparí Àwọn Ọba Kìíní orí 18, ọjọ́ tó kojú àwọn wòlíì Báálì, tó gbàdúrà títí òjò fi rọ̀, ọjọ́ yẹn náà ló di àmùrè ẹ̀ tó sáré níwájú Áhábù títí dé Jésírẹ́lì. Ẹ ṣí orí 19, ọkùnrin kan náà ló wà lábẹ́ igi tó ń ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a ò bá a wí, kò ní kó fi kún àdúrà. Ó ní kó dìde jẹun. Àkàrà lórí ẹyin iná àti omi, ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní jẹun, ọ̀nà jìn fún ẹ. Oúnjẹ yẹn ló fi rin ọjọ́ 40 dé Hórébù, ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Oorun àti oúnjẹ ló ṣáájú o, kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Hébérù 12 ní ká fi sùúrù sáré ìje tó wà níwájú wa. Tẹ́lẹ̀ mi ò mọ báwo lèèyàn ṣe ń fi sùúrù sáré, àfi ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kọ̀ mí yẹn.

Ẹ má dá sá a náà. Kipchoge ọmọ Kenya tó sá a ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ní Vienna lọ́dún 2019, bíi 40 sárésáré ló ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn níwájú ẹ̀ kí atẹ́gùn má baà dà á dúró. Ẹ pe arábìnrin kan tẹ́ẹ fọkàn tán, kó máa gbàdúrà kẹ́ ẹ máa ṣe àmín.

Lálẹ́ òní, ẹ pa aláàmù aago méjìlá yẹn, kí bàbá àwọn ọmọ gbé ìbejì, kẹ́ ẹ sùn. Láàárọ̀, Sáàmù 23 nìkan, ẹ kà á jẹ́jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fún wọn lóògì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkàn yín ṣì wúwo, tẹ́ẹ̀ ń sunkún láìnídìí, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé àìnígbàgbọ́ ni, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi padà, mò ń retí ẹ̀.