Ohun tó jẹ dẹ́kìn mi lábẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ohun abẹ̀mí lè jẹ kọnkéré, tí bíríkìlà yín ní iyọ̀ lásán ló ń jẹ òpó ilé yín létí ọ̀sà l'Ékòó, ẹ gbọ́ tèmi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe bíríkìlà. A ò lókun, síbẹ̀ kòkòrò bá mi jẹ dẹ́kìn.

Dẹ́kìn tó bo sókàwéè, ihò omi ìgbẹ́, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni, lápá Under G. Èmi ni mo dà á. Lọ́dún kẹsàn-án wọ́n ní ó ń rùn, mo lọ wò ó. Òkè rẹ̀ dán, kò sán rárá. Bí mo ṣe gùn ún báyìí, gbì! Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi rì dé itan. Irin méjì tó kù ló gbé mi dúró, àwọn náà ti tín-ín-rín bí ìṣó. Mo ṣa èérún kan: abẹ́ rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ẹfun tó mumi, èékánná mi ń wọnú ẹ̀. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó ta yanrìn fún mi kí n tó yẹ ògiri inú ihò wò. Ibi tí omi ìgbẹ́ bò le koko. Òkè omi nìkan ló jẹ.

Ẹnjiníà kan ló là mí lójú. Nínú ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ ò dé, kòkòrò àìfojúrí kan ń tú gáàsì tó ń rùn bí ẹyin òbu sílẹ̀. Gáàsì yẹn á gòkè lọ bá omi tó ń sẹ̀ bí òógùn lábẹ́ dẹ́kìn. Kòkòrò mìíràn ń bẹ níbẹ̀ tó ń fi gáàsì yẹn ṣoúnjẹ, ásíìdì irú ti bátìrì mọ́tò ló sì ń sọ ọ́ dà. Ásíìdì yẹn ló ń jẹ kọnkéré. Lọ́dún 1945, Parker, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ọsirélíà, yọ ọ́ lára kọnkéré tó ti jẹrà, ó sọ ọ́ ní concretivorus. Ajẹkọnkéré, ẹ ò rí nǹkan!

Èmi ò ní iyọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ibi o. Tí òpó yín bá là gbọọrọ lójú irin, tí ìpẹtà pupa ń jáde, iyọ̀ ni. Àmọ́ tó bá rọ̀, tó funfun, tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn sábẹ́ ilé, tí òórùn ẹyin òbu sì ń jáde, ẹ fura sí kòkòrò.

Ilẹ̀ ni mo ń da dẹ́kìn sókàwéè sí báyìí, ní ẹyọ-ẹyọ, kí n lè fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ rẹ̀ ká tó gbé e bo ihò. Páìpù atẹ́gùn ò sì gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má rán ọmọ iṣẹ́ wọnú ihò. Gáàsì yẹn ń pààyàn, tó bá sì ti pọ̀ jù, imú ò ní gbóòórùn ẹ̀ mọ́.