Ṣé Abẹ́rẹ́ Ṣáínà Lè Mú Ẹ̀yìn Ríro Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Àtakúnmọ́sà, níbí ní Iléṣà. Ọmọ ọdún 53 ni mí. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń ro mí, orúnkún ọ̀tún náà sì ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá jókòó pẹ́ lórí àpótí, àfi kí n di nǹkan mú kí n tó lè dìde. Alábùkún àti ibuprofen ni mo fi ń tì í. Ọmọ mi ní yóò dá ọgbẹ́ sí mi nínú. Ẹnìkan tí a jọ ń tajà ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ Ṣáínà, pé wọ́n á gún un láti ẹ̀yìn dé ẹsẹ̀, wọn ò sì ní fa oògùn kankan sí i. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Àbí gbẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi ọgbọ́n sín fún èèyàn? Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ sì máa ń bà mí o. Ìyá Aláṣọ.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o. Físíò (physiotherapist) ni mí, n kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára pé gbogbo wa lẹ ń pè bẹ́ẹ̀.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ọmọ yín kò purọ́. Aspirin ló wà nínú Alábùkún, òun àti kaféènì. Aspirin àti ibuprofen, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí èèyàn bá ń gbé méjèèjì mì lójoojúmọ́, inú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dunni. Bí ẹ bá tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ibuprofen lè máa tì í sókè, kó sì máa ni kíndìnrín lára. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ lè dúró.

Ó wá ku ti gbẹ́rẹ́. Ẹni tó ń sín gbẹ́rẹ́, abẹ ló fi ń la awọ, á wá fi oògùn ra ojú ẹ̀. Acupuncture, ìyẹn abẹ́rẹ́ Ṣáínà yìí, kò la ara, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fi ra á. Kò tún jọ abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì máa ń gún yín ní ìdí. Tiwọn ní ihò nínú kí oògùn lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì gé ẹnu ẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí ẹnu gègé. Èyí kò níhò rárá, ó tín-ín-rín, kì í sábà nípọn ju nǹkan bí 0.25 mìlímítà sí 0.30 lọ. A máa ń kì í bọ inú ọ̀pá ike kékeré kan, a ó gbé e lé awọ, a ó fi ìka lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ ìgbà tó wọlé. Ìgbà tí a bá tì í dé inú ẹran ni ẹ ó mọ̀: ibẹ̀ á wúwo, á máa ro kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, tàbí kó kú tipiri. De qi ni àwọn ará Ṣáínà ń pe ìyẹn, òun gan-an ni wọ́n sì ń wá. Ṣùgbọ́n bó bá ta yín ṣàn-án bí iná NEPA, ẹ pariwo. Ó ti sún mọ́ okùn ìmọ̀lára nìyẹn, ẹni tó ń gún un gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn.

Fún ẹ̀yìn, ẹ ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á gún ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á gún ìdí, ẹ ó sì rí i pé wọ́n ti kọjá sí ẹ̀yìn orúnkún, ní àárín ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ po. Ẹ má rò pé wọ́n ti ṣìnà. Weizhong ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń tibẹ̀ tọ́jú ẹ̀yìn. Fún orúnkún fúnra ẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ po, ẹ ó rí ihò kékeré méjì lábẹ́ eegun róbótó iwájú rẹ̀, bí ojú méjì. Ojú orúnkún náà ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi ìka mẹ́rin wọn ìsàlẹ̀ láti ojú ti ìta, kí ẹ yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun: Zusanli nìyẹn. Nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú ni wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ lára yín, wọ́n lè máa yí wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn á so wáyà mọ́ ọn, wọ́n á fi iná bátìrì sí i, ẹran á máa ta pú, pú. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ gba oníná yẹn.

Ọ̀nà mìíràn wà láti gún abẹ́rẹ́ yìí tí kì í wo àwòrán ojú ibi tí àwọn ará Ṣáínà ń gún rárá, òun ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹ tẹ èjìká yín níbi tí okùn báàgì máa ń wà. Ẹ lè bá ibì kan pàdé tó le gan-in bí okùn, tó jẹ́ pé bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìrora á ta lọ síbi tí ọwọ́ yín kò dé. Iṣan tó ta kókó nìyẹn. Dókítà Janet Travell, tó tọ́jú ẹ̀yìn Ààrẹ Kennedy, wà lára àwọn tó ya àwòrán ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan máa ń ta ìrora sí. Oògùn ló máa ń gún sínú wọn. Ní 1979, Karel Lewit, dókítà ará Czech, kọ ọ́ sílẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà gan-an ló ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe oògùn inú ẹ̀. A ó gún kókó náà, a ó fà á sókè, a ó tún tì í wọlé, iṣan á ta fìrì. Lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ á máa dunni bí apá ẹni tó gún iyán ìgbéyàwó.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣe ju bí àwọn tó ń bú u ṣe rò lọ, kò sì tó bí àwọn tó ń polówó ẹ̀ ṣe ń pariwo. Ní Jámánì, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní 2007 lórí èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́. Wọ́n gún apá kan bó ṣe yẹ. Wọ́n gún apá kejì lóréfèé, níbi tí kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́ kankan. Apá kẹta gba oògùn àti eré ìdárayá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún, ara tu bíi 48 lára àwọn àkọ́kọ́, 44 lára àwọn tí wọ́n gún lóréfèé, àti 27 péré lára àwọn ti ìkẹta. Gígún náà ń ṣe nǹkan, àmọ́ ojú ibi tí a gún kò fi bẹ́ẹ̀ jọjú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun nìkan ló mọ ojú àṣírí, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi í kún ohun tí a lè kọ́kọ́ lò fún ẹ̀yìn ríro ní 2017. Àjọ NICE, tó ń gba àwọn dókítà ìlú Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, ti ní kí wọ́n má lò ó fún un mọ́ ní 2016. Àwọn àgbà gan-an kò tíì fẹnu kò.

Àwọn baba ńlá Ṣáínà ní qi, agbára tó ń ṣàn lára, ló dí. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ ń ta ọpọlọ jí láti tú oògùn ìrora tí Ọlọ́run ti fi sára sílẹ̀. Ní 1977, àwọn olùwádìí kan fún àwọn tí wọ́n gún ní naloxone, oògùn tó máa ń pa agbára morphine (oògùn ìrora líle kan) àti ti oògùn ìrora inú ara yẹn, ìtura wọn sì dínkù.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í béèrè ohun tó fa ìrora, ẹnu ẹ̀ ló kàn ń pa mọ́. Mo ti bá arákùnrin kan pàdé tí wọ́n gún fún oṣù mẹ́ta, àṣé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń jẹ eegun ẹ̀yìn ẹ̀. Bí ibà bá ń mú yín lálẹ́ tí òógùn ń bò yín, tí ẹ̀ ń rù láìgbààwẹ̀. Bí ìrora bá ń jí yín lóru. Bí ibi tí ẹ fi ń jókòó bá kú, tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò wá tàbí tó ń dà fúnra ẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń yẹ̀, ẹ má dé ọ̀dọ̀ alábẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn Wesley Guild ni kẹ́ ẹ forí lé. Ti ìtọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Kí bàbá ilé náà gbọ́ o: ọkùnrin tó ti lé ní 50 tí ẹ̀yìn ṣàdédé ń ro, kí wọ́n yẹ prostate ẹ̀ wò.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gún yín. Ojú yín ni kó ti já páálí abẹ́rẹ́, kó lò ó lẹ́ẹ̀kan, kó jù ú sínú àpótí tí ìdọ̀tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Èyí tó bá ń ti inú abọ́ sípírítì jáde, ẹ dìde. Àrùn ẹ̀dọ̀ B àti HIV kì í mọ̀ pé Ṣáínà ni abẹ́rẹ́ ti wá. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀ ń lo Alábùkún, nítorí aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bó bá gún èjìká tàbí òkè ẹ̀yìn, tí àyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín tí èémí ń ṣòro, bóyá lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni. Ó lè ti kan ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ má náwó síbẹ̀ mọ́. Bí ara bá sì fúyẹ́, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ mú ìdárayá le, nítorí bí ẹ bá tún padà sórí àpótí yẹn, á padà dé. Ẹ wá àga tó ga dé orúnkún. Ẹ máa dìde láti orí ẹ̀ láìfọwọ́ ti nǹkan, ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́. Àwọn bàbá wa òṣómàáló lóṣòó ti onígbèsè títí wọ́n fi gbowó, orúnkún wọn sì gbà á torí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó láti àárọ̀, ẹ má tíì dán ìyẹn wò fún oníbàárà kankan.

Ní ti ẹ̀rù: ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ̀kọ àti àkàrà ti tó, ẹni tí ebi ń pa ló tètè ń dákú. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má jókòó. Kí ẹ sì sọ fún un pé ẹyọ méjì péré ni kó gún lọ́jọ́ àkọ́kọ́.