Sójà mú ọmọ ọdún 14 ní Borno: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Agùnbánirọ̀ ni mí ní Maiduguri. Lọ́jọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn sójà kó ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 tó máa ń pọnmi fún wa mọ́ àwọn àgbàlagbà, wọ́n ní àwọn fura sí i pé ó bá Boko Haram ṣe. Ìyá rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò lọ bá. Ṣé èmi tí n kì í ṣe ẹbí lè ṣe nǹkan kan?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ọjọ́ orí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Orí pé ọmọ náà kò tíì pé ọdún 18 ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dúró lé, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń bàjẹ́. Wọ́n á wo gíga ọmọ, wọ́n á kọ "19" sílẹ̀, 19 yẹn náà ni gbogbo ìwé tó bá tẹ̀ lé e yóò máa kọ. Kí ìyá rẹ̀ wá ìwé ìbí. Bí kò bá sí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Bí ìwé bá ti jóná nígbà tí wọ́n ń sá kúrò lábúlé, kó lọ búra ọjọ́ orí ọmọ ní kóòtù. Ẹ ṣọ́ orúkọ o: Mamman àti Muhammad lè di ẹni méjì lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí ọjọ́ orí kò bá sì dájú, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé sọ ní 2019 pé ọmọdé ni kí wọ́n kà á sí.

Ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2022, ìjọba Nàìjíríà bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ológun, láàárín ọjọ́ 7 ni kí wọ́n fà á lé àwọn aláṣẹ tí kì í ṣe ológun lọ́wọ́. Tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ilé-iṣẹ́ ìjọba Borno tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé lọ, kí ẹ sì dé ọ́fíìsì UNICEF. Ẹ béèrè ní Bulumkutu pẹ̀lú, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Maiduguri, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde ní Giwa, bárékè tí àwọn sójà ń ti àwọn tí wọ́n fura sí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ibi tó wà, Red Cross máa ń bá ẹbí wá èèyàn.

Bó bá ṣì wà láhàámọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ tì í mọ́ àgbàlagbà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà àti kí ẹbí rẹ̀ máa gbúròó rẹ̀. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 1991 ló sọ bẹ́ẹ̀. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ní ó lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn. Ẹ̀tọ́ yìí ni mo kà sí jù, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń tẹ̀ka sórí ìwé tí kò lè kà, tí ìwé náà sì di ẹ̀rí lọ́rùn rẹ̀.

Kódà bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni Boko Haram lò ó, ẹni tí wọ́n ṣe níkà ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sí. Wọ́n lè bá a ṣẹjọ́, àmọ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé 2003 ní kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí ikú fún ọmọdé. Borno náà ti ní òfin tirẹ̀ láti 2022.

Ní tiyín, ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti pẹjọ́ nítorí ẹlòmíràn nílé-ẹjọ́ gíga. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní lọ́yà, kì í gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ kọ orúkọ àti ìnagijẹ ọmọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti mú un, ẹni tó rí i àti ohun tó wọ̀. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá fi sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì bárékè lówó. Owó yẹn kì í dé inú fáìlì kankan.