Ṣé àdírẹ́sì lásán lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Clichy-sous-Bois lẹ́bàá Paris, ibẹ̀ ló bímọ ẹ̀ sí. Ọmọ yẹn ti jáde yunifásítì, ó ń wáṣẹ́ kiri, ẹnì kan ò pè é. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ni, òun ní àdírẹ́sì òun ló fà á. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ló sọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn ará ilé kí wọ́n yéé pè é lọ́lẹ.

Àwọn ilé gogoro tó wà láwọn àdúgbò bíi Clichy yẹn, ó ti lé láàádọ́ta ọdún tí wọ́n ti kọ́ wọn sẹ́yìn ìlú, nígbà tó yá àwọn òyìnbó tówó wọn ká a kó jáde, àwọn tó wá láti Àlùjíríà, Mòrókò, Málì àti ọ̀dọ̀ tiwa níbí ló wá kún bẹ̀. Clichy ò ju bíi kìlómítà 15 sí Paris, síbẹ̀ ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ lọ bá reluwé nílùú míì, ọdún 2019 ni tíráàmù (ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì) ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀! Ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀ ńkọ́?

Ohun tó ń bí mi nínú jù rèé: láti 2000 lòfin ti ní kílùú máa kọ́lé fáwọn mẹ̀kúnnù, ó kéré tán ìdá 20 nínú 100, láti 2013 ó ti di ìdá 25 fún ọ̀pọ̀ ìlú. Ìlú olówó bíi Neuilly-sur-Seine, owó ìtanràn ló yá wọn lára láti san ju kí mẹ̀kúnnù wá bá wọn gbé lọ.

Lọ́dún 2005, Zyed Benna, ọmọ ọdún 17, àti Bouna Traoré, ọmọ ọdún 15, sá fọ́lọ́pàá ní Clichy yìí gan-an, wọ́n sá wọ ibi ẹ̀rọ iná mànàmáná, iná gbé wọn, wọ́n kú. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwọn ọ̀dọ́ fi ń dáná sun mọ́tò káàkiri. Lọ́dún 2006 wọ́n wá ṣòfin pé káwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa gba sífíì (ìwé téèyàn fi ń wáṣẹ́) tí ò lórúkọ, kí wọ́n má baà mọ ẹni tó kọ ọ́, wọn ò mú un ṣe, nígbà tó di 2015 wọ́n ní ó dọwọ́ ẹni tó bá wù.

Ṣùgbọ́n òfin 2014 wà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí àdúgbò téèyàn ń gbé fiṣẹ́ dù ú. Kó tọ́jú gbogbo ímeèlì tó fi wáṣẹ́ àtèsì tí wọ́n fún un, kó fẹjọ́ sun Défenseur des droits, àjọ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ aráàlú ní Faransé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí òyìnbó tí wọ́n jọ gbàwé ẹ̀rí kan náà bá kọ̀wé síbi kan náà tí wọ́n sì pè é, kó bẹ òyìnbó náà kó jẹ́ kóun fi èsì tiẹ̀ kún un, ẹ̀rí gidi nìyẹn.