Owó Oṣù Rẹ̀ Kò Tó Ìlọ́po Mẹ́ta: Ṣé Kí N Fún Un Nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹnìkan fẹ́ gba ilé mi, àmọ́ owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀ owó ilé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní òun á san ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Ta ló ní kò gbọdọ̀ dín? Ẹnu ti fẹ́ bó mi lórí ọ̀rọ̀ ìlọ́po mẹ́ta yìí. Àwọn ejẹ́ńtì ló ń fi í dín èrò kù, kò sì rí gbèsè rárá. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn méjì ń gba 100 lóṣù. Ẹni àkọ́kọ́ máa san 40 fún ilé, kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, 60 ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Èkejì máa san 30, ó yege ìdánwò yín, àmọ́ gbèsè ọkọ̀ àti ti báǹkì ń kó 40 lọ lóṣooṣù. 30 péré ló kù tó máa fi jẹun, tó máa fi wọkọ̀. Èwo nínú wọn ló máa kọ́kọ́ fòní dónìí fọ̀la dọ́la fún yín? Ẹni tiyín, àkọ́kọ́ yẹn ló jọ, tí kò bá jẹ gbèsè.

Nítorí náà, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ oníṣẹ́ ara ẹni, ẹ gba ti ọdún kan. Ẹ má wo iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé, èèyàn lè yá ìyẹn lánàá. Iye tó máa ń kù ní ọjọ́ tó ṣáájú owó oṣù ni kẹ́ ẹ wò. Owó tó dé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn owó orí ni kẹ́ ẹ sì fi ṣírò.

Ti oṣù mẹ́fà yẹn ńkọ́? Ó lè jẹ́ owó èlé ló yá. Oṣù keje ń bọ̀, ibi tí owó oṣù rẹ̀ wà náà ló máa wà. Láwọn ibòmíì, òfin tiẹ̀ ti fi òté lé iye tí onílé lè gbà sílẹ̀. Ẹ bi lọ́yà yín, èmi kì í ṣe lọ́yà.

Ẹ pe onílé tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí lè máa yìn ín kó lè tètè kó jáde. Tó bá mú onídùúró wá, ẹ yẹ àpò onídùúró náà wò. Ohun tẹ́ ẹ bá bi ẹnìkan, ẹ bi gbogbo wọn, ẹ má sì bi wọ́n nípa ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà: ẹjọ́ lẹ fi ń tọrọ.