Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Pissarro ní "Bàbá" láàárín àwọn ayàwòrán Impressionist?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ló fà á tí wọ́n fi ń pe Camille Pissarro ní Bàbá Pissarro, ṣé òun ló bẹ̀rẹ̀ Impressionism, ọ̀nà ìyàwòrán tó ń ya bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé nǹkan lójú ẹsẹ̀, ní Faransé ni, àbí òun ló kàn dàgbà jù, àbí torí irùngbọ̀n funfun ẹ̀ yẹn ni?

Òun ló dàgbà jù lóòótọ́ àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó. 1830 ni wọ́n bí i, nínú àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n bí Manet ní 1832, Degas 1834, Cézanne 1839, Monet 1840, Renoir àti Berthe Morisot 1841. Ọdún méjì péré ló fi ju Manet lọ, kò sì sẹ́ni tó ń pe Manet ní bàbá. Orúkọ Impressionism fúnra ẹ̀, ara àwòrán Monet ni wọ́n ti yọ ọ́, èyí tó ń jẹ́ Impression, soleil levant, oníròyìn kan Louis Leroy ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn Le Charivari lọ́dún 1874, yẹ̀yẹ́ yẹn ló wá di orúkọ. Bàbá tí wọ́n ń pe Pissarro, ti ẹni tó kó ẹgbẹ́ jọ ni, tí kò fi wọ́n sílẹ̀, tó sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́.

Bí nǹkan ṣe rí ní Paris nígbà yẹn ni pé ìpàtẹ ńlá kan wà tó ń jẹ́ Salon, ìgbìmọ̀ ló ń yan àwòrán tó máa wọlé, tí wọ́n bá dá tìẹ padà ó ṣòro kó o tó rẹ́ni rà á. Àwòrán tó dán tí ojú búrọ́ọ̀ṣì ò hàn lára ẹ̀ ni wọ́n fẹ́, ìtàn Bíbélì, ìtàn òrìṣà Gíríìkì, àwọn ọba àti ogun. Pissarro àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá ń gbé kánfáàsì jáde síta, wọ́n ń ya ọ̀nà oko, odò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé nǹkan lákòókò tí wọ́n ń wò ó gan-an, ojú búrọ́ọ̀ṣì á sì hàn gbangba. Salon máa ń gba ti Pissarro nígbà míì o, láti 1859, nígbà míì wọ́n á kọ̀ ọ́.

Ibi tó ti wá ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í mẹ́nu bà á. Wọn ò bí i ní Faransé rárá, erékùṣù St. Thomas ní Caribbean ni, Dẹ́ńmáàkì ló ń ṣàkóso ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì ṣì ń fi àwọn èèyàn dúdú ṣẹrú níbẹ̀ títí di 1848. Júù làwọn òbí ẹ̀, ìyàwó tí arákùnrin ìyá bàbá ẹ̀ kú fi sílẹ̀ ni bàbá ẹ̀ fẹ́, àwọn Júù ibẹ̀ ò fọwọ́ sí i fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iléèwé àwọn míṣọ́nnárì Moravian, tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń lọ, ni wọ́n fi àwọn ọmọ sí. 1852 ló bá ayàwòrán ará Dẹ́ńmáàkì kan, Fritz Melbye, lọ sí Venezuela, 1855 ló dé Paris, títí tó fi kú kò di ọmọ ìlú Faransé lórí ìwé. Èmi ò rò pé ó ṣèèṣì ni bó ṣe jẹ́ pé òun, tó mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n má ka èèyàn kún, ló ń wá àwọn tí wọn ò kà sí kiri. Lọ́dún 1861 ní Académie Suisse, ibi ìdánrawò àwọn ayàwòrán ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín bú sẹ́kẹ́ tí wọ́n bá rí àwòrán Cézanne, Pissarro ló rí i pé nǹkan wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ogun Faransé àti Prussia (àwọn ará Jámánì) lọ́dún 1870 lé e dé London, ibẹ̀ ló ti mọ Paul Durand-Ruel, oníṣòwò àwòrán tó wá padà di alátìlẹ́yìn gbogbo wọn. Nígbà tó máa fi padà sílé ẹ̀ ní Louveciennes, ìlú kékeré kan nítòsí Paris, àwọn sójà Prussia ti ba ilé jẹ́, wọ́n ti ń tẹ́ kánfáàsì ẹ̀ sórí ẹrọ̀fọ̀ nínú ọgbà kí bàtà wọn má bàa dọ̀tí, nínú bí 1,500 àwòrán tó fi sílẹ̀, nǹkan bí 40 ló kù. Iṣẹ́ bí 20 ọdún! Ó sì tún mú búrọ́ọ̀ṣì.

Ní December 1873 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n lè máa pàtẹ fúnra wọn láìdúró de Salon. Pissarro ló lọ mú ìwé òfin ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì ní Pontoise, ìlú tó ń gbé nítòsí Paris, wá pé kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ó fẹ́ kí ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dọ́gba, Renoir ní òfin ẹ̀ ti pọ̀ jù. April 1874 ni wọ́n ṣí ìpàtẹ náà nínú ilé tí Nadar, onífọ́tò yẹn, ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni ọmọ Pissarro obìnrin, Jeanne tí wọ́n ń pè ní Minette, kú, ọmọ kékeré. Leroy wo àwòrán ìrì dídì tó yà sórí ilẹ̀ oko, ó ní ọ̀dà tí wọ́n ha kúrò lójú pátákó tí wọ́n ń po ọ̀dà lé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ kánfáàsì ìdọ̀tí. Nígbà tọ́dún náà fi máa parí, gbèsè francs 184 àbọ̀ ló já lé olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ lórí, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ náà ká.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, bàbá ìsàlẹ̀ lè má wá sípàdé fọ́dún kan gbáko, owó àti orúkọ ẹ̀ la ń lò. Pissarro ò lówó kò sì lórúkọ, ọmọ pọ̀ nílẹ̀ tó ń bọ́, ìyàwó ẹ̀ Julie ń dáko kí wọ́n lè rí jẹ, síbẹ̀ ìpàtẹ mẹ́jọ ni wọ́n ṣe láàárín 1874 sí 1886, òun nìkan lẹni tí àwòrán ẹ̀ wà nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Monet fò, Renoir fò, wọ́n tún gba Salon lọ, Degas ń bá gbogbo ayé jà, Pissarro ló ń pẹ̀tù sí i.

Ti kíkọ́ni gan-an ló wú mi lórí jù. Cézanne wá bá a ní Pontoise láti 1872, wọ́n jọ ń ya àwòrán níta, ó da àwòrán Pissarro kan kọ kó lè mọ bó ṣe ṣe é, látìgbà yẹn làwọ̀ dúdú tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ ti ń mọ́lẹ̀ sí i. Paul Gauguin, tó wá di ayàwòrán ńlá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjà ìpín ìdókòwò náà wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mary Cassatt, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ní olùkọ́ tó lè kọ́ òkúta bí wọ́n ṣe ń yàwòrán dáadáa ni. Nígbà tí Theo ń wá ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Vincent van Gogh, Pissarro ló júwe Dókítà Gachet ní Auvers. Cézanne fúnra ẹ̀ ló sọ pé bíi bàbá ló jẹ́ sóun, ẹni tóun ń fọ̀rọ̀ lọ̀, tó dà bí Ọlọ́run díẹ̀, lọ́dún 1906 tó ti di arúgbó tórúkọ ẹ̀ ti ròkè, tí Pissarro sì ti kú fọ́dún mẹ́ta, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òun nínú ìpàtẹ kan ní Aix pé òun jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ Pissarro.

Òun náà ò sì tijú láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ọmọdé. Ó ti lé lẹ́ni 50 ọdún nígbà tó gba ọ̀nà tuntun Georges Seurat, ọmọ ọdún 26, fífi àmì ọ̀dà wínníwínní yàwòrán, ó rọ̀ mọ́ ọn pé kí wọ́n gba Seurat àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Signac wọlé sí ìpàtẹ 1886, Durand-Ruel ò fẹ́ràn ẹ̀, àwòrán ẹ̀ ò sì tà dáadáa lásìkò yẹn, ọdún bíi mélòó kan ló fi ṣe é kó tó fi sílẹ̀ torí pé ó ń dá a dúró jù. Gbogbo oore yìí kọ́ ni wọ́n rántí o, nígbà tí ọ̀rọ̀ Dreyfus, ọ̀gá sójà tó jẹ́ Júù tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kàn láìṣẹ̀, dá Faransé sí méjì, Degas yẹra fún Pissarro pátápátá torí pé ó jẹ́ Júù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ lọ National Gallery, wọn ò gbowó ìwọlé fún àwọn àwòrán tiwọn, ẹ wá Fox Hill, Upper Norwood tó yà ní 1870 nígbà tó sá wá síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo Boulevard Montmartre lóru tó yà ní 1897, ojú wíńdò òtẹ́ẹ̀lì ló ti yà á torí ojú ń dùn ún kò lè jókòó sínú atẹ́gùn mọ́, ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ rí ojú búrọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ wá fẹ̀yìn rìn díẹ̀.